Abẹ Olójú Kan tí Yacoub Fi Pamọ́

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni Raliatou kọ́kọ́ rí lára ọrùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀. Inú oṣù kejì ọdún ni, nígbà tí kajú ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní gbogbo oko Goro, tí kálukú ń jí lọ ṣa á kí oòrùn tó mú. Ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀. Ẹlòmíì ì bá ri ẹ̀wù náà sínú omi ọṣẹ, kó fọ̀ ọ́, kó sá a, kó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni Raliatou, ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ó mú ẹ̀wù náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó nà án síta lójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Bàbá Karimath," ó pe ọkọ rẹ̀, "kí ló gé yín lọ́rùn?"

"Ẹ̀gún ni," ni Yacoub wí. Kò gbójú sókè kúrò níbi táyà alùpùpù rẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí.

Ẹ̀gún wo ló ń gún èèyàn lábẹ́ àgbọ̀n níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Raliatou kò bèèrè. Ó mọ̀ pé bí òun bá tún bèèrè, ọkùnrin náà yóò wá irọ́ mìíràn tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ká ẹ̀wù náà, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ti ń rán aṣọ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, bó ṣe ń wọn apá mi lọ ló ń sọ ọ́ lọ. Obìnrin tó ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Bó o bá kó aṣọ wá fún un tó o sì sọ pé ọ̀pá mẹ́ta ni, yóò wọ̀n ọ́n lójú rẹ kó o tó kúrò níbẹ̀. Kò ní pè ọ́ ní òpùrọ́, àmọ́ kò ní gbà ọ́ gbọ́ náà. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní Goro pé bí Ìyá Karimath bá fẹ́ ra ẹyin, adìyẹ tó yé e ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Yacoub ọkọ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àgbẹ̀ iṣu àti kajú ni, ọlọ́rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tí gbogbo ayé lè tàn jẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló máa ń lọ bá Èyítáyọ̀, onígbàjámọ̀ tó wà ní Tchaourou, kó fi ẹ̀rọ ṣá irùngbọ̀n rẹ̀ kúrú. Kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá a rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù yẹn, lójijì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí ti ọkọ ìyàwó. Ó ń ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ pẹ́ kó tó jáde. Bó bá jáde, ọṣẹ ní ń ta sánsán lára rẹ̀. Bó bá sì di ọjọ́ Àlàmísì, á kírun àárọ̀ tán, á gbé àpò kan kọ́ ọwọ́ alùpùpù, á sì lọ. Kì í mú ọkọ́, kì í mú àdá. Ó di ọ̀sán kó tó dé, kì í sì í sọ ibi tó ti ń bọ̀.

Nígbà tó di Àlàmísì kẹta, Raliatou gbọn aṣọ ìnura tó wà nínú àpò náà. Irun ló jábọ́ sílẹ̀. Irun funfun ni, kéékèèké, ó le gbagidi bí ìgbálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa á sí àtẹ́lẹwọ́. Irùngbọ̀n Yacoub dúdú. Bí ewú bá wà níbẹ̀ rárá, kò ju mẹ́rin lọ. Irun ta wá nìyí?

Ó di í sínú ègé aṣọ, ó gbé e lọ bá Salma, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta epo pẹtiróò inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀.

Salma wò ó, ó fìka tọ́ ọ. "Èyí ò jọ irun obìnrin."

"Ohun tí mo rí náà nìyẹn. Kò jọ ti obìnrin, kò jọ ti ẹran."

"Oògùn ni," ni Salma wí, ó sì sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí irun náà. "Ìyá Karimath, páńsá kò fura, páńsá jáná, àjà kò fura, àjà jìn. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó wá ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́, kì í ṣe ìyàwó ilé ló ń fá a fún. Obìnrin kan wà níbì kan, obìnrin yẹn sì ti fi nǹkan mú un."

Raliatou ní òun kò gba ọ̀rọ̀ oògùn yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé, ó tú inú yàrá palẹ̀. Ó yẹ abẹ́ ibùsùn wò, ó yẹ ẹ̀yìn àpò kajú wò. Lórí àjà, lẹ́yìn àwọn fìtílà tí wọn kò lò mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ba àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí etí rẹ̀ ti dógùn-ún.

Nǹkan kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, ó sì ń dán bíi ṣíbí tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ ní ilà wínníwínní tí kì í jẹ́ kó yọ̀ bọ́. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bí ọkọ́ tí wọ́n rọ fún ọmọ jòjòló. Bí ó ṣe fi àtàǹpàkò ti etí rẹ̀, orí náà yanu bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, irin pẹlẹbẹ kan sì yọ níbẹ̀. Ẹ̀yìn irin náà nípọn, ẹnu rẹ̀ mú. Ó pa á dé kíá.

Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó mọ abẹ tí wọ́n ń tà káàkiri, èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n ń sọ nù. Èyí kì í ṣe nǹkan ìsọnù. Nǹkan tí ẹnì kan fún ẹnì kan ni. Ó fi í sínú àpò, ó sọ fún Salma pé òun ń lọ ra òwú, ó sì wọkọ̀ lọ sí Tchaourou.

Èyítáyọ̀ onígbàjámọ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí lójú títì. Nígbà tí Raliatou gbé àpótí náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kó tó fọwọ́ kàn án.

"Ha! Abẹ olójú kan," ó ní. "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní irú rẹ̀. Tata, níbo lẹ ti rí i?"

"Ẹnì kan ló ní kí n bi yín ohun tó ń jẹ́."

Èyítáyọ̀ gbé e sójú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Raliatou ń wo ojú rẹ̀, kì í ṣe abẹ ló ń wò. Ó rí i pé ọkùnrin náà kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi di ọ̀la," ni Èyítáyọ̀ wí. "Màá bá yín fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Ó ti mọ́," ni Raliatou fèsì, ó sì na ọwọ́ sí i. "Ẹ ṣáà sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó fún mi."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó fi eyín kéékèèké méjì tó wà nínú orí abẹ náà hàn án. "Àwọn wọ̀nyí ló ń di làámù, irin pẹlẹbẹ tó ń gé irun yìí, mú kó má yẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kán, ẹ jù ú nù, yóò ṣe èèyàn léṣe. Ti èyí dúró dáadáa. Wàyí o, làámù tí gbogbo wa ń lò, ojú méjì ló ní, ó sì tín-ín-rín, ó ń tẹ̀. Èyí le, kì í tẹ̀. Ẹni tó bá fipá tì í á gé ara rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ fi omi gbígbóná rẹ irun, ẹ ó fi ọṣẹ kùn ún kó hó. Ẹ ó wá tẹ́ orí rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ báyìí, kí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbọọrọ síta, ẹ ó sì rọra máa fà á díẹ̀díẹ̀ síbi tí irun kọjú sí. Ìwúwo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bó bá ń ṣe bó ṣe yẹ, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó ṣí orí rẹ̀, ó sún un mọ́ ojú.

"Ẹni tó ń lò ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ síbí, ó ń tì í jù. Làámù inú rẹ̀ sì tún jẹ́ tuntun! Tata, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí irú làámù yìí rà ní Tchaourou. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i." Ó dá abẹ náà padà tìlọ́ra-tìlọ́ra. "Ẹ bá mi kí Tonton Yacoub o. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti rí i. Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ó le," ni Raliatou wí. Ara tirẹ̀ ni kò le mọ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà, ó ń to ọ̀rọ̀ náà jọ bí ẹní ń to ègé aṣọ. Ẹnì kan fún un ní abẹ. Ẹnì kan ń fi làámù ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ẹnì kan fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa dán. Irun funfun yẹn nìkan ni kò bá èyíkéyìí mu nínú wọn. Ó dá àpótí náà padà sórí àjà kí Yacoub tó ti oko dé, ó sì rí i dájú pé ó kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, níbi tí páànù ti lu. Yacoub ti gbé dígí kékeré kan kọ́ mọ́ ìṣó. Ó fi omi gbígbóná bọ́ ojú, ó fi ọṣẹ kùn ún títí àgbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Ó mú abẹ náà. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó dì í mú bí ẹní mú àdá. Raliatou gbọ́ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀: "Má tì í. Má tì í." Ó fà á lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dára. Ó fà á lábẹ́ àgbọ̀n, ó mí kanlẹ̀, pupa sì là gba inú ọṣẹ funfun kọjá. Ó ṣan án, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ìdajì wákàtí tí ọkùnrin náà fi jà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló dẹ́rù ba Raliatou. Ó pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé, ó sì fi orí ìka wá gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri, láti abẹ́ etí dé ìsàlẹ̀ ètè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ló ń fọwọ́ kàn án. Ó rí ibì kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un fá. Ó tún pa ojú dé, ó tún wá a kiri.

"Bàbá Karimath," ni Raliatou wí nígbà tí wọ́n ń jẹun àárọ̀, "ta lẹ ń fá irùngbọ̀n fún?"

Yacoub gbé ẹ̀kọ mì. "Ẹ̀rọ Èyítáyọ̀ ló ń jẹ́ kí kókó yọ sí mi lọ́rùn. O kúkú mọ̀ ọ́n. Mo ní kí n dán ọ̀nà mìíràn wò."

Raliatou wo ọrùn rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ti ń parẹ́. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù. Ọkọ rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òótọ́ pa irọ́.

Nígbà tó di Àlàmísì, kò ṣí ìsọ̀. Bí alùpùpù Yacoub ṣe kọjá níwájú ilé Salma, ó dá ọlọ́kadà zẹ́mì kan dúró, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ lé alùpùpù pupa yẹn. Àmọ́ ẹ má sún mọ́ ọn."

"Tata, ṣé olè ni?" ni ọlọ́kadà náà bi í.

"Ẹ ṣáà tẹ̀ lé e."

Eruku pupa ń sọ lójú ọ̀nà, òórùn kajú tó ti jábọ́ tó ń kan gba gbogbo afẹ́fẹ́. Raliatou fi ìborùn bo imú. Nínú ọkàn rẹ̀, Tchaourou ló rò pé ọkọ rẹ̀ ń lọ, tàbí Bétérou. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé oríta, alùpùpù pupa náà yà sí ọ̀nà Alafiarou.

Alafiarou ni wọ́n ti bí Raliatou. Adéọlá ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá náà, Papa Ọláyínká, alàgbà ìjọ ni, bó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ tán. Nígbà tí Adéọlá ní Yacoub, ọmọ ìmàle láti Goro, ni òun fẹ́, bàbá rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé òun. Ó lọ, ó fẹ́ Yacoub, ó gba orúkọ Raliatou. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀yìn èrò ló dúró sí níbi ìsìnkú, ó sì ti lọ kí wọ́n tó rọ́ iyẹ̀pẹ̀ tán. Láti ìgbà náà, bó bá ní iṣẹ́ lọ́nà Alafiarou, ẹlòmíì ló ń rán.

Wàyí o, nínú gbogbo abúlé tó wà lórí ilẹ̀, ibẹ̀ ni Yacoub lọ wá obìnrin sí. Raliatou ní inú òun kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe nítorí orogún. Ó rò pé ọkọ òun fẹ́ kí gbogbo ará ilé òun fi òun rẹ́rìn-ín ni.

Alùpùpù náà kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjá kànga, ó yà sí àgbàlá kan tí ògiri rẹ̀ ti ń ya. Ọlọ́kadà dúró lẹ́bàá ọ̀nà. "Tata, ṣé ibí ni?"

Raliatou sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ ògiri náà, ó mọ ilẹ̀kùn náà. Inú ilé yẹn ló ti kọ́ ìrìn.

Ó rọra gba ẹ̀yìn ògiri. Lábẹ́ òjìji igi tó wà nínú àgbàlá, bàbá rẹ̀ jókòó lórí àga onígi, aṣọ ìnura Raliatou wà ní èjìká rẹ̀. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́, wọ́n funfun bí omi ìrẹsì. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ kan dúró gbagidi, ó funfun. Yacoub kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, agbada omi gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, arúgbó náà sì ń fi ìka wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yacoub kiri, láti abẹ́ etí dé ìsàlẹ̀ ètè.

"O fi díẹ̀ sílẹ̀ níbí," ni arúgbó náà wí.

"Ó bọ́ sí kọ̀rọ̀ ni, bàbá."

"Kò sí ojú ọgbẹ́ tuntun?"

"Kò sí, bàbá. Ọ̀kan tó wà níbẹ̀, ti Ọjọ́rú ni."

"Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀."

Yacoub fi ọṣẹ kun àgbọ̀n arúgbó náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Ohùn abẹ náà dé ọ̀dọ̀ Raliatou, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ha iṣu sísun. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọ inú àgbàlá. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ló dún.

"Ta nìyẹn?" Arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè. "Obìnrin ni. Yacoub, o mú èèyàn wá bá mi! Mo kìlọ̀ fún ọ!"

Yacoub yíjú, ó rí ìyàwó rẹ̀. "N kò mú un wá, bàbá. Òun ló... Raliatou ni."

Adìyẹ kan ń tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú arúgbó náà ti dán, ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ilẹ̀ ni wọ́n rán an wá gbà, àbí ilé?" ni Papa Ọláyínká bèèrè níkẹyìn. Yacoub ló ń bi.

"Ọkọ mi ni mo wá wá," ni Raliatou fèsì.

"O ti rí i. Máa lọ."

Kò lọ. Yacoub gbé abẹ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó náà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò dúró sójú kan. Papa Ọláyínká ti orí sẹ́yìn.

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. N kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n dé ọ̀nà ọ̀fun mi."

"Ẹ gbé e fún mi," ni Raliatou wí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi ń gé aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ohun yòówù tí ì báà máa ṣe àyà rẹ̀.

"Ìwọ? Ṣé o ti lò ó rí?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọn kì í tì í. Wọ́n ń tẹ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ ni, ìwúwo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Èyítáyọ̀ onígbàjámọ̀, ní Tchaourou."

"Kí lo lọ bi í léèrè sí?"

Raliatou wo ọkọ rẹ̀. "Mo rí abẹ yìí nínú ilé mi, n kò mọ ẹni tó ni í. Mo rò pé obìnrin kan ló fún ọkọ mi. Mo ti ń ṣọ́ ọ láti oṣù kan. Mo sì tẹ̀ lé e wá láti Goro."

Arúgbó náà tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Yacoub rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tí kò ti jáde, tó ń ha á lọ́fun.

"Ó tẹ̀ lé e wá láti Goro!" ó ní. "Oṣù kan gbáko! Àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹ̀sìn ti yí i padà, pé kò ní ohun tèmi kankan lára mọ́." Ó fi aṣọ ìnura nu ojú rẹ̀ tí kò ríran. "Gbé e fún un, Yacoub. Omi yẹn ń tutù."

Raliatou fá a. Arúgbó náà fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú títí ó fi parí. Abẹ náà ya á díẹ̀ nísàlẹ̀ ètè.

"Ó gé mi."

"Ẹ mirí ni."

Nígbà tó tán, arúgbó náà ní kí wọ́n gbá irun náà jọ kí wọ́n sun ún lójú òun, lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, pé ojú wo ni òun ní.

Ẹ̀yìn alùpùpù Yacoub ni Raliatou gùn padà sí Goro, ọ̀nà sì ni ọkọ rẹ̀ ti ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní irúgbìn iṣu ni òun lọ wá ní Alafiarou ní oṣù kìíní, ni òun rí arúgbó náà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Àwọn ará àdúgbò ní kò jẹ́ kí onígbàjámọ̀ kankan fọwọ́ kàn án, pé òun kò ní jẹ́ kí abẹ àjèjì dé ọ̀nà ọ̀fun òun. Lẹ́ẹ̀kíní, ó fi ọ̀pá lé Yacoub. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó jókòó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú àpótí irin kan jáde láti abẹ́ ibùsùn. Abẹ tó rà ní Kumasi nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Inú yàrá tó tì pa ló ti máa ń lò ó, kò sí ọmọ rẹ̀ tó rí i rí. Ó ní kí Yacoub sè é nínú omi gbígbóná, kó fi búrọ́ṣì eyín fọ̀ ọ́, kó sì lọ máa fi fá tirẹ̀ ná. Bí òun bá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí kò sí ojú ọgbẹ́, òun yóò gbà kó fá tòun.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ó ní ọjọ́ tí o bá gbọ́, òun kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Àti pé, n kò mọ bí màá ṣe sọ fún ọ pé mo rí bàbá rẹ bẹ́ẹ̀."

"Làámù yẹn ńkọ́?"

Yacoub dín eré alùpùpù kù. "Karimath ló rí i lórí fóònù. Cotonou ló ti ń fi í ránṣẹ́."

Ọmọ rẹ̀ náà mọ̀! Èyí ló dun Raliatou jù lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi gbé fóònù Karimath, oúnjẹ Yacoub sì ń tutù kó tó dé iwájú rẹ̀. Salma ní tirẹ̀ kò gba ìtàn náà gbọ́ títí di òní. Ó ní ó dùn jù.

Ṣùgbọ́n ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, Raliatou tún lọ. Ó gún iyán, ó fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i. Papa Ọláyínká gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bu òkèlè kan, ó jù ú fún adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró. Ó ń tẹ́tí sí adìyẹ náà bóyá yóò ṣubú. Ó pẹ́ kó tó jẹ tirẹ̀, iyán ti le. Raliatou rí i, ó sì mọ̀ pé májèlé ni bàbá òun ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹta, títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, títí iṣu tuntun fi jáde. Adìyẹ náà sanra.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, òjò ń rọ̀, Yacoub kò lè wá. Raliatou nìkan ló fá irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ nínú ilé, ó sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Adìyẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Arúgbó náà ṣan ọwọ́, ó bu òkèlè, ó fi bọ ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó bu òmíràn.

Raliatou ní òun jókòó, òun kò mira. Nígbà tí àwo mọ́, ó bi í bóyá kí òun bù sí i.

"Bù sí i, Adéọlá," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kó o sì lé adìyẹ yẹn síta, ó ń tan ilẹ̀ mi."